Láti Párìsì dé Lọ́ńdọ̀nù: Wákàtí kan lófurufú, ìdajì ọjọ́ lọ́nà

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́ ló bi wá ní ìbéèrè kan. Àkọ́bí rẹ̀ ń gbé ní Párìsì, ọmọ rẹ̀ kejì ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àkọ́bí ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un, físà Faransé sì ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò lò lọ́hùn-ún. Ìyá ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ní wákàtí kan péré ni bàálù ń lò láti Párìsì dé Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé mi ò lè jáde láàárọ̀ Sátidé, kí n lọ rí ọmọ-ọmọ mi lọ́hùn-ún, kí n sì padà wá sùn ní Párìsì lálẹ́?"

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí a rò ó dáadáa, a rí i pé ìbéèrè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò nínú ìlú méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ ló sì ti fi owó ṣòfò nítorí pé wọ́n rò pé ohun tó sún mọ́ra nínú àwòrán ilẹ̀ náà ló sún mọ́ra lẹ́sẹ̀. Ìdáhùn tí a fún ìyá kò gùn: òótọ́ ni pé bàálù ń lo nǹkan bíi wákàtí kan. Àmọ́ ìrìnnà náà kì í ṣe wákàtí kan, físà tó sì wà lọ́wọ́ wọn kò lè gbé wọn dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Báwo ló ṣe jìnnà tó?

Tí èèyàn bá ta okùn tààrà láti àárín Párìsì dé àárín Lọ́ńdọ̀nù, okùn náà yóò gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 344. Fún àwa tí a wà nílé, ẹ wò ó báyìí: ẹyẹ tó bá fò láti Kútọnu dé Parakou ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Párìsì, tó sì gba ọ̀nà Calais, yóò rin nǹkan bíi kìlómítà 460, nítorí ọ̀nà ilẹ̀ kì í tọ́ bí okùn, omi òkun sì wà láàárín. Omi yìí ni àwọn Faransé ń pè ní Manche. Níbi tó ti tín-ín-rín jù, láàárín Calais ní ilẹ̀ Faransé àti Dover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 33.

Ẹ wá fi wé ìrìnnà láti ilé wa. Kútọnu sí Párìsì tó nǹkan bíi kìlómítà 4,700, bàálù sì máa ń lo bíi wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí já sí pé ọ̀nà Kútọnu sí Párìsì gùn ju ti Párìsì sí Lọ́ńdọ̀nù lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá, síbẹ̀ àkókò rẹ̀ kò ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Kí ló fà á?

Kí ló ń jẹ àkókò náà?

Bàálù ńlá tó ti gòkè tán lè sáré ju kìlómítà 800 lọ ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ pé eré yẹn ló fi ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni, kò ní lò ju ìdajì wákàtí lọ láti Párìsì dé Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ bàálù kì í sá eré bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rìn lórí ilẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà tí yóò ti gbéra. Yóò tò sẹ́yìn àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Yóò gòkè díẹ̀díẹ̀, kó sì tó pẹ́ lókè, àsìkò ti tó láti máa sọ̀kalẹ̀. Tó bá tún jẹ́ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ, pápákọ̀ òfurufú náà wà lára àwọn tí èrò pọ̀ sí jù láyé, ojú ọ̀nà méjì péré ni bàálù sì ní láti gbéra àti láti balẹ̀ níbẹ̀. Nígbà míì, wọ́n á ní kí awakọ̀ máa yí po lókè títí ààyè yóò fi yọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù fi ń kọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 tàbí 25 sórí tíkẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí bàálù fi wà lófurufú gan-an lè má pé wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ wọ taksí láti Kétu lọ sí Pobè. Kì í ṣe ọ̀nà ló ń pẹ́, dídúró kí taksí kún ló ń pẹ́.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láyé

Ìlú méjèèjì yìí wà lára àwọn tí bàálù kọ́kọ́ so pọ̀ láyé. Ní 25 oṣù keje ọdún 1909, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Louis Blériot fi ọkọ̀ kékeré kan tó ní ìyẹ́ àti ẹ́ńjìnnì fò kọjá Manche, láti ẹ̀bá Calais dé Dover. Ó lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú 37. Kò sí ẹni tó ti fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá omi náà rí ṣáájú rẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní 25 oṣù kẹjọ ọdún 1919, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù gbé èrò láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Párìsì lójoojúmọ́. Èrò kan ṣoṣo ló wọ èyí tó gbéra lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun àti ìwé ìròyìn, awọ àti oúnjẹ díẹ̀. Ìrìnnà náà gbà wọ́n tó nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Láti ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì ti yára sí i, àmọ́ ohun tó ń dúró de èrò lórí ilẹ̀, kó tó gbéra àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀, ti pọ̀ sí i.

Aago tó ń tan èèyàn jẹ

Ohun kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Aago Párìsì máa ń fi wákàtí kan ṣáájú aago Lọ́ńdọ̀nù, lóòrùn lójò. Tíkẹ́ẹ̀tì sì ń kọ aago ìlú tí ẹ ti gbéra fún ìgbéra, ó ń kọ aago ìlú tí ẹ ó balẹ̀ sí fún ìbalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàálù gbéra ní Párìsì láago mẹ́wàá àárọ̀, tó sì fò fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọn yóò kọ pé ó balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ogún ìṣẹ́jú péré ni. Nígbà tó bá ń padà, bàálù tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ yóò balẹ̀ ní Párìsì láago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹni yẹn kan náà yóò tún ní wọ́n rìn lọ́nà jù. Àkókò tí wọ́n lò ní àlọ náà ni wọ́n lò ní àbọ̀.

Èyí kan ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe ọmọ yín lórí fóònù pẹ̀lú. Aago Bẹ̀nẹ̀ kì í yí padà láàárín ọdún, aago Tógò náà kì í yí. Àmọ́ ní Párìsì àti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ní ìgbà òtútù wọn, aago Párìsì àti aago Kútọnu jẹ́ ọ̀kan náà, aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago Lomé sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ìgbà ooru wọn, aago Lọ́ńdọ̀nù ló bá ti Kútọnu mu, Párìsì sì fi wákàtí kan ṣáájú Kútọnu, ó fi wákàtí méjì ṣáájú Lomé.

Ká ṣírò rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu ilẹ̀kùn

Ìyá wa kò ní wọ bàálù lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò bí a ṣe ń ṣírò owó ọjà.

Pápákọ̀ Charles de Gaulle wà lẹ́yìn ìlú, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Párìsì. Láti inú ilé dé ibẹ̀, ẹ fi wákàtí kan sí i. Wọ́n ní kí èrò tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ti wà níbẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú ìgbéra, nítorí ẹrù fífi sílẹ̀, yíyẹ ara wò àti wíwo ìwé. Bàálù fúnra rẹ̀, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ní Heathrow, ìlà àwọn aṣọ́bodè àti dídúró de ẹrù lè gba ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Heathrow wọ àárín Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ máa ń lò tó wákàtí kan. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti tó wákàtí mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà fún bàálù wákàtí kan! Tí ẹ bá ní kí ẹ padà lálẹ́ ọjọ́ náà, wákàtí méjìlá ti lọ sí ojú ọ̀nà. Kí ló kù fún ọmọ-ọmọ?

Ẹ tún ṣọ́ orúkọ pápákọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Heathrow nìkan kọ́ ni wọ́n ń pè ní ti Lọ́ńdọ̀nù. Gatwick, Stansted, Luton, London City àti Southend náà ń jẹ́ orúkọ yẹn, Stansted àti Luton sì jìnnà gan-an sí àárín ìlú. Bákan náà ni wọ́n ń pe Beauvais ní ti Párìsì, bẹ́ẹ̀ ó fi nǹkan bíi kìlómítà 85 jìnnà sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú lè jẹ́ ti irú ibẹ̀, owó tí ẹ sì rò pé ẹ ṣẹ́kù, ọkọ̀ ilẹ̀ ni yóò gbà á.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun

Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ yàn ju bàálù lọ. Ní 6 oṣù karùn-ún ọdún 1994, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì àti Ààrẹ Faransé nígbà náà, François Mitterrand, ṣí ọ̀nà kan tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkun Manche. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 50, nǹkan bíi 38 nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ òkun gan-an. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ ojú irin Eurostar bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá.

Ọkọ̀ náà ń sáré dé kìlómítà 300 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀, ó sì ń dín eré rẹ̀ kù sí 160 nínú ihò abẹ́ òkun. Láti Gare du Nord ní Párìsì dé St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ni. Lójú, ó pẹ́ ju bàálù lọ. Àmọ́ ibùdókọ̀ méjèèjì wà nínú ìlú. Ẹ ó dé Gare du Nord ní wákàtí kan tàbí wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú, aṣọ́bodè Faransé yóò wo ìwé yín fún ìjáde, aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì yóò sì wò ó fún ìwọlé, níbẹ̀ ní Párìsì kí ẹ tó wọkọ̀. Tí ẹ bá sọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ìlà pásípọ́ọ̀tù mọ́, ìgboro lẹ bọ́ sí. Pẹ̀lú ìrìnnà láti ilé dé ibùdókọ̀, gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí márùn-ún lọ. Ẹni tó bá balẹ̀ sí Charles de Gaulle láti Kútọnu pàápàá lè wọ ọkọ̀ ojú irin RER B, kó sì sọ̀ ní Gare du Nord láìpààrọ̀ ọkọ̀.

Bọ́ọ̀sì ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Àmọ́ ẹ fi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí i.

Ẹnubodè tí aago kò kà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Físà Faransé tí ìyá gbà jẹ́ físà Schengen. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹni tó bá gba físà ọ̀kan sì lè rìn wọ ìyókù nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Láti Párìsì, ìyá lè lọ sí Brussels tàbí Amsterdam. Àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí, kò sì wà níbẹ̀ rí. Físà tirẹ̀ dá dúró. Ẹni tó bá mú físà Schengen nìkan lọ sí Gare du Nord tàbí pápákọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dá a padà, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì lè lọ bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe físà, ẹ fi sọ́kàn.

Àwọn tó ní físà méjèèjì pàápàá ní ohun kan láti ṣọ́. Ẹ wo ara físà Schengen yín, níbi tí wọ́n kọ "nombre d'entrées" sí. Tó bá jẹ́ 01 ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè wọlé. Bí ẹ bá ti kúrò ní Párìsì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ti jáde nìyẹn. Físà náà ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tó kù lórí rẹ̀ pọ̀. Ẹ kò ní lè padà wọ Párìsì láti wá wọ bàálù tí yóò gbé yín wá sílé. Ẹ wo bí nǹkan ṣe lè rí fún àgbàlagbà tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó há sí Lọ́ńdọ̀nù, tí bàálù rẹ̀ sì ń gbéra ní Párìsì. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò lọ sí ìlú méjèèjì, kó sọ ọ́ nígbà tó bá ń tọrọ físà, kó sì béèrè èyí tí wọ́n ń kọ MULT sí.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba wọn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtọrọ rẹ̀. Físà àbẹ̀wò wọn máa ń gba èèyàn láyè títí dé oṣù mẹ́fà, ìdáhùn sì sábà máa ń gba nǹkan bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ ìka. Alágbàtà tó bá ní òun lè "bá yín ṣe é" ní ọjọ́ méjì ní Párìsì, ẹ sá fún un. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ẹrù àti ẹ̀tọ́ yín

Ìyá kì í lọ kí ọmọ lọ́wọ́ òfìfo, a mọ̀. Àmọ́ òfin Yúróòpù kò gbà kí èrò tó ti Áfíríkà bọ̀ kó ẹran tàbí wàrà wọlé. Wàràǹkàṣì wà nínú rẹ̀, ẹran gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Wọn yóò gbà á, wọ́n á sì dà á nù. Gàrí kò sí lára ìyẹn. Epo pupa, inú ẹrù tí wọ́n ń kó sábẹ́ bàálù ni kí ẹ dì í sí, kí ẹ dì í dáadáa, kì í ṣe nínú àpò ọwọ́.

Ohun kejì: tí ẹ bá máa tẹ̀ síwájú láti Párìsì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ gbìyànjú kí gbogbo rẹ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ nílò físà láti kọjá ní Párìsì. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ti Kútọnu sì pẹ́ dé, ẹni tó ta ìkejì lè ní kò kan òun.

Ohun kẹta: ẹ̀tọ́ wà fún èrò, ọmọ ìlú èyíkéyìí tó bá jẹ́. Bí bàálù tó gbéra ní Párìsì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bá pẹ́ dé ní wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kì í ṣe ojú ọjọ́ tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló fà á, òfin Yúróòpù ní kí ilé-iṣẹ́ náà san owó ìtánràn 250 euro fún èrò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn sún mọ́ 164,000 séfà. Tí ẹ bá sì ti dúró fún wákàtí méjì, ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n fún yín ní oúnjẹ àti ohun mímu. Ẹ tọ́jú ìwé ìwọkọ̀ yín, ẹ má jù ú nù.

Ibi tí ìyá bá a dé

Lẹ́yìn tí a ka gbogbo èyí fún ìyá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n yọ pásípọ́ọ̀tù wọn nínú àpò, a sì jọ wo físà náà: 01 ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ká ní mo ti lọ ńkọ́?"

A bi wọ́n bóyá ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti gba ìwé ìlú. Wọ́n ní ó ti gbà á, òun àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, nítorí ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà láti wá lo ọjọ́ díẹ̀ ní Párìsì. Ìyá pe ọmọ náà lójú wa. Ọkọ̀ ojú irin ni wọn yóò wọ̀ wá ní Sátidé àkọ́kọ́, wọn yóò sì lo òpin ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìyá. Ọmọ kékeré ni yóò gba abẹ́ òkun wá bá ìyá àgbà, kò ní jẹ́ pé ìyá àgbà ló há sẹ́nu ibodè.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wákàtí kan ni, ẹ bi í pé láti ibo dé ibo, pẹ̀lú ìwé wo, àti pé ṣé ẹ ó lè padà. Abéèrè kì í ṣìnà.